Ọdún Tí Ẹ̀gbọ́n Mi Jọba Lórí Àwọn Iwin

Ọdún tí àwọn ṣọ́jà gbé ìjọba sílẹ̀ fún alágbádá, ojú àwọn olóṣèlú ni a fi ń bo oúnjẹ nílé wa. Bàbá wa ní ilé ìtẹ̀wé kékeré kan nísàlẹ̀ ilé tí a ń gbé ní Bajulaiye, nínú Ṣómólú. Pósítà tó bá bàjẹ́ lórí ẹ̀rọ, tí imú olóṣèlú bá yà lọ bá etí rẹ̀, Màmá wa á kó o lọ sókè, á fi bo abọ́ ọbẹ̀, á fi tẹ́ inú dúrọ́ọ̀, á sì fi èyí tó kù di ẹ̀pà fún wa lọ sílé ìwé. Ẹgbẹ́ òṣèlú mẹ́ta ni Bàbá ń tẹ pósítà fún lẹ́ẹ̀kan náà, kò sì rí ohun tó burú níbẹ̀. Ó ní gbogbo wọn ló ń rẹ́rìn-ín bákan náà, tàdáwà kan náà ni wọ́n sì ń lò. Tó bá ti di aago méje àárọ̀, ẹ̀rọ á bẹ̀rẹ̀, gbàgà-gbígí, gbàgà-gbígí, ilẹ̀ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì á máa gbọ̀n, àwọn ṣíbí á máa fò díẹ̀díẹ̀ lórí tábìlì. Gbogbo ilé tó yí wa ká ló ní irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, ariwo la fi ń sọ̀rọ̀ ní Bajulaiye, kódà ọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀. Nígbà tí iná bá wá lọ, gbogbo ẹ̀rọ á dákẹ́ lẹ́sẹ̀ kan náà, ohùn ẹni tó ti ń pariwo á sì yọ lójijì láàárín ìdákẹ́jẹ́ náà. Bẹ́ẹ̀ la ṣe mọ̀ pé ìyàwó oníbáyíńdì, ọkùnrin tó ń rán ìwé pọ̀ níwájú ilé wa, kò fẹ́ràn ìyá ọkọ rẹ̀, àti pé ìyá ọkọ náà ti fura.

Márùn-ún ni wá nínú ilé: Bàbá, Màmá, Ìyá Àgbà tó bí Bàbá, tó wá láti Ògbómọ̀ṣọ́ láti bá wa lo oṣù kan, tó sì ti lo ọdún mẹ́fà, Títílayọ̀ ẹ̀gbọ́n mi, àti èmi. Mo ń lọ sí ọmọ ọdún mẹ́wàá nígbà náà. Títí ti pé méjìlá. Nígbà tí Títí wà lọ́mọ ọdún mẹ́rin, àìsàn kan wọ inú eegun ẹ̀yìn rẹ̀. Àwọn dókítà ní Igbóbì wo àìsàn náà sàn, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn rẹ̀ ti tẹ̀ kí wọ́n tó gbé e débẹ̀, ó sì ti yọ iké. Dókítà ṣàlàyé fún Màmá pé ọmọ náà yóò yè, yóò rìn, yóò kàwé, ṣùgbọ́n iké náà kò ní lọ mọ́. Màmá dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó délé, ó fọ gbogbo aṣọ tó wà nínú ilé, títí kan àwọn èyí tó mọ́.

Ìyá Àgbà ló máa ń sọ ìtàn fún wa. Ní Ògbómọ̀ṣọ́, òru ni wọ́n ń pàlọ́, ṣùgbọ́n ní Bajulaiye, jẹnẹrétọ̀ àwọn aládùúgbò kì í jẹ́ kí èèyàn gbọ́ ohùn ara rẹ̀ tí ilẹ̀ bá ti ṣú, nítorí náà Ìyá Àgbà gbé àlọ́ sí ọ̀sán Sátidé, kò sì tọrọ ààyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Á tẹ́ ẹní sí ẹ̀yìnkùlé, á da ẹ̀gúsí síwájú wa, àwọn ọmọ àdúgbò náà á sì wá, nítorí wọ́n mọ̀ pé ẹni tó bá bó ẹ̀gúsí ló máa gbọ́ ìtàn. Ọlọ́gbọ́n obìnrin ni. Láàárín ọdún mẹ́fà, kò fi ọwọ́ ara rẹ̀ bó tó ìdajì ẹ̀gúsí tí a jẹ.

Ìtàn tí àwọn ọmọ náà fẹ́ràn jù lọ ni ti àwọn iwin Ìdí Àràbà. Gbogbo iwin yìí pátá ló burú, kò sí ẹyọ kan tó dáa nínú wọn. Ọmọ èèyàn ni wọ́n ń jẹ. Gbogbo wọn ló sì ní iké lẹ́yìn, nítorí inú iké ni wọ́n ń kó egungun àwọn ọmọ tí wọ́n bá ti jẹ sí, tí wọ́n bá sì ń rìn, egungun náà á máa dún, wọ́rọwọ̀rọ, wọ́rọwọ̀rọ. Ọdẹ kan wá wọ igbó lọ, ó pa wọ́n tán, àgbà àti ọmọdé, ó padà wálé, wọ́n sì fi í jẹ ìjòyè. Àwọn ọmọ á pàtẹ́wọ́. Títí náà á pàtẹ́wọ́, á sì máa bó ẹ̀gúsí rẹ̀ lọ.

Àmọ́ ìtàn tí èèyàn bá sọ fún ọmọdé kì í dúró lórí ẹní. Àwọn ọmọ náà gbé e jáde sí títì. Àárín Ṣómólú àti Bariga ni ilé kan wà tí a ti máa ń pọn omi, ilé Àlàájì kan tó fa ẹ̀rọ omi síta fún gbogbo ayé. Ìlà ibẹ̀ máa ń gùn débi pé àwọn kan máa ń jẹun nídìí garawa wọn. Ọjọ́ kan tí èmi àti Títí yọ sí wọn, ọmọ kan pariwo pé, "Iwin ń bọ̀ o!" Gbogbo wọn sá. Títí sunkún títí a fi délé, ó ní òun ò ní lọ pọn omi mọ́ láyé. Ọjọ́ kejì, Màmá ní omi ti tán. Títí jókòó díẹ̀, ó ronú. Lẹ́yìn náà ló mú agolo mílíìkì òfìfo kan, ó kó òkúta wẹ́wẹ́ sínú rẹ̀, ó fi aṣọ dè é mọ́ ẹ̀yìn lábẹ́ búláòsì rẹ̀, ó sì gbé garawa. Nígbà tí àwọn ọmọ rí i, tí wọ́n wá gbọ́ wọ́rọwọ̀rọ, wọn ò dúró pariwo rárá. Garawa bí ogún ló wà lórí ìlà, kò sí ẹni kan ṣoṣo lẹ́yìn wọn. A pọn omi, a lọ sílé. Láti ọjọ́ náà, àwa la máa ń kọ́kọ́ pọn. Mi ò ní purọ́, mo gbádùn rẹ̀ gan-an. Èmi ni àbúrò iwin, wọ́n sì ń bọ̀wọ̀ fún mi.

Yàrá kan wà lẹ́yìnkùlé wa tí Bàbá fi yá Tíṣà Akínlabí, ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní Bariga, tó sì tún ń darí eré àwọn ọmọdé ní ìjọ wa. Ojú fèrèsé rẹ̀ ló ti máa ń gbọ́ àlọ́ Ìyá Àgbà. Nígbà tí ọdún ìkórè kù bí oṣù méjì, ó wá bá wa lọ́jọ́ Àìkú kan tí a ń jẹ ìrẹsì, ó gbé ìwé kan lọ́wọ́. Ó ní òun ti tún ìtàn àwọn iwin kọ, òun fẹ́ kí àwọn ọmọ ìjọ fi ṣeré, kí Bàbá sì bá òun tẹ̀ ẹ́ gẹ́gẹ́ bí ìwé ọmọdé. Ó wá kà á fún wa. Nínú ìtàn tirẹ̀, ọmọlúàbí ni àwọn iwin. Àwọn èèyàn ló jó igbó wọn, tí ebi fi ń pa wọ́n. Wọn ò jẹ ọmọ kankan rí, ewé ni wọ́n ń jẹ. Wọn ò sì ní iké mọ́.

Ìyá Àgbà fi ṣíbí rẹ̀ lélẹ̀. "Tíṣà, iwin ta nìyẹn?"

"Ti yín náà ni, Ìyá Àgbà. Mo kàn tún un ṣe díẹ̀ ni."

"O tún un ṣe. Kí ló ṣe é tẹ́lẹ̀?"

Tíṣà gbìyànjú láti ṣàlàyé. Ó ní ìjọba àwa-ara-wa ti dé, kò yẹ kí á tún máa kọ́ ọmọdé pé àwọn ẹ̀yà kan wà tó jẹ́ pé láti inú ìyá wọn ni wọ́n ti burú wá, tí èèyàn lè pa tán láìbi wọ́n ní ìbéèrè kan, tí wọ́n á sì tún fi í joyè. Ó ní ọmọ tó bá gbọ́ irú rẹ̀ lórí iwin lónìí, tó bá dàgbà, orí aládùúgbò rẹ̀ ló máa gbé e lé.

"Ìbéèrè wo lo fẹ́ bi iwin?" ni Ìyá Àgbà wí. "Tó bá ti ń bọ̀ wá jẹ ọ́, ṣé wàá dúró béèrè orúkọ ìyá rẹ̀? Ìtàn yẹn ni kò jẹ́ kí bàbá Títí wọ inú igbó nígbà tó wà lọ́mọdé. Ó wà láàyè, òun nìyí tó ń jẹ ìrẹsì. Ìwọ sọ fún àwọn ọmọ pé ewé ni iwin ń jẹ, kí wọ́n lè máa tẹ̀lé ẹnikẹ́ni tó bá ti sunkún níwájú wọn."

Màmá gbè sẹ́yìn Tíṣà. Ó ní kí wọ́n yọ iké náà kí wọ́n tó ṣe ohunkóhun mìíràn. Kò wo ọ̀dọ̀ Ìyá Àgbà bó ṣe ń sọ̀rọ̀. Ó ní ọdún mẹ́fà lòun ti fi ń gbọ́ ìtàn yẹn láti ojú fèrèsé ilé ìdáná, tí òun sì ń fi ọ̀wọ̀ àna dákẹ́. Bàbá ní èyí tí wọ́n bá fẹnu kò sí ni òun máa tẹ̀. Kò sí ẹni tó retí ohun mìíràn lẹ́nu rẹ̀.

Lónìí, mo máa ń bá àwọn ọmọ mi jókòó wo fíìmù, mo sì ń rí i pé ọ̀rọ̀ tí Tíṣà sọ ti borí. Iwin tó wà nínú fíìmù ti ní ìyá tó kú, ó ní ẹkún lójú, ẹnì kan ló ṣẹ̀ ẹ́ nígbà èwe tó fi di ohun tó dà. Mo sì máa ń gbọ́ tí àwọn àgbàlagbà ń bínú sí i, tí wọ́n ní wọ́n ti ba ìtàn jẹ́, pé iwin ò gbọdọ̀ ní ẹ̀rí ọkàn. Èmi kì í dá sí i. Nínú gbogbo àwọn tó ń jiyàn, mi ò tíì rí ẹni tó ní kí wọ́n bi iwin fúnra rẹ̀ léèrè. Nílé wa, a bi í, àṣìṣe ló sì jẹ́: Bàbá ló kàn yíjú sí Títí láti ní kó bu omi wá, ló bá bi í pé, "Ìwọ ńkọ́?"

"Ẹ fi iké wọn sílẹ̀," ni Títí wí. "Ẹ sì jẹ́ kí wọ́n máa jẹ èèyàn."

Màmá ní, "Títílayọ̀!"

"Ẹ jọ̀ọ́, Mọ́mì. Tí wọ́n bá di ọmọlúàbí, ta ni yóò yà fún wa nídìí omi? Àwọn ọmọ yẹn ò ní tìtorí pé ewé ni mò ń jẹ kí wọ́n fẹ́ràn mi. Wọ́n kàn máa rìn wá bá mi, wọ́n á sì máa fọwọ́ kan iké mi ni." Ó wá yíjú sí Tíṣà. "Ẹ fi mí ṣe ọba wọn, sà."

Ìgbà náà ni Màmá ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ìdí tí omi fi ń yá délé. Ó dìde, ó wọ yàrá, ó sì pẹ́ kó tó jáde.

Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n fi dúnàádúrà. Níkẹyìn, Tíṣà mú ìtàn tí gbogbo wọn lè fara mọ́ wá. Àwọn iwin yóò ní iké, pílò ni wọ́n máa dè mọ́ ẹ̀yìn. Wọn yóò burú, ọba wọn yóò sì jẹ èèyàn méjì lójú gbogbo ìjọ. Ṣùgbọ́n lópin, ọdẹ yóò ṣàánú wọn dípò kó pa wọ́n, ọba yóò sunkún, iké wọn yóò sì já bọ́ sílẹ̀, gbogbo wọn yóò di èèyàn. Títí gbà nítorí èèyàn méjì yẹn. Ìyá Àgbà gbà nítorí pé wọ́n fi í sí ìlà iwájú. Màmá gbà nítorí pé Títí ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin nínú ilé, ohun tí kò ṣe rí.

Èmi ni wọ́n fi ṣọ́ pílò. Lọ́sàn-án Sátidé tó ṣáájú ìkórè, mo jókòó sí gbọ̀ngàn ìjọ, mò ń so okùn mọ́ wọn. Pílò mẹ́jọ ni. Iwin mẹ́sàn-án ni. Mo tún un kà. Ó yé mi nígbà náà ohun tó máa ṣẹlẹ̀, nítorí a kò tíì fi ìparí eré náà dánra wò rí: gbogbo ìgbà tí a bá ti débẹ̀ ni iná máa ń lọ, tàbí kí ìyá ẹnì kan wá pè é. Mo wo Tíṣà níbi tó ti ń kun igi àràbà. Mo ní kí n sọ fún un. Mo wá rò ó pé àgbàlagbà ni, tíṣà ni, ó ti gbọ́dọ̀ ní ohun tó fẹ́ ṣe sí i. Mi ò sọ̀rọ̀. Ó ti lé lógún ọdún báyìí, mi ò tíì dárí ji ara mi tán.

Ọjọ́ ìkórè, gbọ̀ngàn kún débi pé àwọn èèyàn dúró lójú fèrèsé. Títí dé adé páálí, ó wọ aṣọ pupa tí Màmá fọwọ́ ara rẹ̀ rán. Ó jẹ ẹni àkọ́kọ́, ìjọ pariwo. Ó jẹ ẹni kejì, ọmọ kékeré kan tọ̀ sára lórí itan ìyá rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ọdẹ wọlé, Túndé ọmọ díákónì, ó sọ ọ̀rọ̀ àánú rẹ̀ bó ṣe kọ́ ọ, Títí sì sunkún bí wọ́n ṣe ní kó sun ún. Àwọn iwin mẹ́jọ fa okùn. Pílò mẹ́jọ bọ́ sílẹ̀, ọ̀kan tú, òwú fò káàkiri. Gbogbo ìjọ pàtẹ́wọ́. Àtẹ́wọ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù láti iwájú lọ sẹ́yìn, bí wọ́n ṣe ń rí Títí lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ó dúró láàárín. Ó wo àwọn pílò tó wà nílẹ̀. Ó wá fi ọwọ́ kan ẹ̀yìn ara rẹ̀, bí ẹni tó ń wá okùn. Mo ti bi í lẹ́yìn ìgbà náà bóyá eré ló ń ṣe, ó ní òun ò rántí. Tíṣà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ́tìnì, ó fi ìwé eré bo ẹnu. Màmá ti dìde láti lọ gbé ọmọ rẹ̀ kúrò níbẹ̀.

Túndé sọ ọ̀rọ̀ tó kàn nítorí òun ló kàn. "Ẹ ti di èèyàn. Ẹ máa bọ̀ ní ìlú wa." Àwọn mẹ́jọ kọjá sí ọ̀dọ̀ rẹ̀.

"Èmi ńkọ́?" ni Títí bi í.

Kò sí ìdáhùn fún ìyẹn nínú ìwé. Túndé wo Tíṣà, Tíṣà ò lè ràn án lọ́wọ́. Ó wo bàbá rẹ̀ díákónì, ìyẹn ń wo orí bàtà ara rẹ̀. "Ìwọ náà, bọ́ ọ sílẹ̀," ni Túndé wí.

"Kò ṣeé bọ́."

Túndé ronú. A rí i pé ó ń ronú, iwájú orí rẹ̀ kún fún òógùn. "Tí o bá tẹ̀lé wa báyẹn, ṣé wàá jẹ wá?"

Títí náà ronú. Kò yára rárá. "Ó dá lórí ìwà yín," ló wí.

Ẹ̀rín tó bú nínú gbọ̀ngàn náà, mi ò tíì gbọ́ irú rẹ̀ ní ilé Ọlọ́run. Ohùn Ìyá Àgbà ló ròkè jù. Túndé ní, "Ó dáa, máa bọ̀," ó sì sún díẹ̀ kí àyè lè wà. Títí gbé ẹ̀wù rẹ̀ sókè kúrò lórí òwú, ó rìn kọjá pẹ̀lú adé lórí, pẹ̀lú iké rẹ̀, ó sì dúró láàárín wọn. Màmá rọra jókòó.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Tíṣà wá dọ̀bálẹ̀ fún Bàbá àti Màmá. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú Títí. "Títílayọ̀, gbogbo iwin ni mo ro tiwọn. Mi ò ro tìẹ."

"Mo mọ̀, sà," ni Títí dá a lóhùn. "Ẹ fi ohun tí èmi àti Túndé sọ sínú ìwé." Ó sì fi í sínú ìwé, bí wọ́n ṣe sọ ọ́ gan-an, Bàbá sì tẹ̀ ẹ́. Kò tà rárá. Nídìí omi, àwọn ọmọ ò sá mọ́. Wọ́n ń wá bá Títí, wọ́n ń sọ fún un pé ìwà àwọn dáa, kó má jẹ àwọn, wọ́n sì ń pè é síbi eré. Ẹnì kan fọwọ́ kan iké náà lóòótọ́, Títí gbá a létí, ọ̀rọ̀ parí. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó yà fún wa lórí ìlà. Wákàtí kan àti ààbọ̀ ni mo fi dúró lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo sì bínú sí ìjọba àwa-ara-wa.

Sátidé tó tẹ̀lé e, òjò ṣú, àwọn ọmọ àdúgbò ò wá. Àwa mẹ́ta la jókòó sórí ẹní, ẹ̀gúsí pọ̀ níwájú wa. Iná ti lọ, kò sí ẹ̀rọ kankan tó ń dún.

"Títí," ni Ìyá Àgbà pè, "mo ti ń sọ ìtàn yẹn kí n tó bí bàbá rẹ. Nígbà tí ẹ̀yìn rẹ tẹ̀, mo ní kí n yọ iké kúrò níbẹ̀. Mo wá wò ó pé tí mo bá yọ ọ́, wàá béèrè ibi tó lọ. Kí ni màá ní? Pé mo wò ọ́, mo sì rántí iwin?"

Títí kò gbójú sókè. "Ṣé ẹ rántí rẹ̀ lóòótọ́?"

"Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo," ni Ìyá Àgbà wí. "Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ rí ọ láìwọ ẹ̀wù, nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti Ògbómọ̀ṣọ́. Kò tó ìṣẹ́jú kan."

Ọwọ́ rẹ̀ ti dúró lórí ẹ̀gúsí. Títí wò ó, ó na ọwọ́, ó sì fa ẹ̀gúsí tó wà níwájú ìyá náà sọ́dọ̀ ara rẹ̀.

"Ìṣẹ́jú kan ò pọ̀, Ìyá Àgbà," ló wí, ó sì ń bó o lọ.